Bí a ṣe ń gbin sáíkádì ká lè gbádùn àwọ̀ ewé tuntun rẹ̀

Ewé tuntun sáíkádì (cycad), igi kan tó jọ ọ̀pẹ kékeré, kì í pẹ́ kó tó di tútù bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní oríṣi kan tó ń jẹ́ Zamia imperialis lẹ́yìn ilé mi n'Íbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́dún tó kọjá, ewé kan ṣoṣo ló yọ. Ó kọ́kọ́ yọrí bí ìka ọmọdé tó ká kò. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ga dé orúnkún mi, ó pọ́n, ó ń dán, àfi bí ọmọ tuntun tí ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn pa lára. Láràárọ̀ ni mo ń lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn ewé náà wọlé, gbogbo iṣan inú rẹ̀ á hàn ketekete bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọ̀ yẹn ti ń ṣá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ewé tútù ni.

Nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn ni mo ṣe ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe lára sáíkádì látọdún dé ọdún, ìmúrasílẹ̀ fún ìgbà tí ewé tuntun bá yọ ni. Tí ìgbà náà bá sì dé, iṣẹ́ tó kù ni ká fi ọwọ́ lẹ́rán. Èyí gan-an ló le jù fún ọ̀pọ̀ wa.

Igi wo là ń sọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní sáíkádì nílé ni kò mọ̀ pé òun ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu géètì ilé ńlá àti lójúde ṣọ́ọ̀ṣì ni Cycas revoluta, tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè ní king sago tàbí sago palm. Ilẹ̀ Japan ló ti wá. Orúkọ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà, torí kò bá ọ̀pẹ tan, kò sì bá àgbọn tan. Sáíkádì kì í tanná. Ohun tó ń so láàárín orí rẹ̀ dà bí ṣóńṣó orí igi páìnì, akọ igi ń so tirẹ̀ lọ́tọ̀, abo igi ń so tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìran wọn ti wà láyé fún ohun tó lé ní 250 mílíọ̀nù ọdún, ìyẹn kí igi tàbí koríko kankan tó ń tanná tó dé rárá.

Oríṣi sáíkádì tó wà láyé lónìí lé ní 350, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Encephalartos barteri ni, ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti Gánà. Wọ́n fi orúkọ Charles Barter pè é, onímọ̀ nípa ewéko tó bá òyìnbó arìnrìn-àjò tó ń jẹ́ Baikie rin ìrìn àjò orí odò Ọya, tó sì kú sí Rabba lọ́dún 1859. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí torí àwọn kan máa ń rò pé igi òyìnbó ni gbogbo sáíkádì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ewé tuntun yan igi

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́gbà òdòdó, èyí tó ga jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà hàn yín, torí òun ló wọ́n jù. Ẹ má tẹ̀ lé gíga. Sáíkádì ń pẹ́ kó tó dàgbà, owó ọdún tí wọ́n fi tọ́ ọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bí ewé rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Ewé tuntun ti Cycas revoluta kì í pọ́n. Ẹwà tirẹ̀ wà nínú bó ṣe ń yọ. Gbogbo ewé á jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti àárín orí, wọ́n á nà ró ṣánṣán, irun wẹ́wẹ́ tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ á bò wọ́n, àwọn ewé kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì ká kò bí ìrù agẹmọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rántí màrìwò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìrù agẹmọ yẹn á máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Zamia furfuracea ni mo máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó rà. Etíkun Veracruz ní Mexico ló ti wá, ewé rẹ̀ le bíi páálí, oòrùn ò lè pa á, kò sì wọ́n. Ewé tuntun rẹ̀ máa ń ní irun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ lára, ó máa ń fẹ́ jọ bàbà fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá àwọ̀ gan-an, ẹ lọ wá ìdílé Ceratozamia. Mexico ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, àwọn kan sì wà ní Guatemala, Belize àti Honduras. Nínú ìdílé yìí lẹ ti máa rí ewé tuntun tó dà bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, èyí tó dúdú bíi ṣokoléètì, àti èyí tó pọ́n. Zamia imperialis tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, Panama ló ti wá, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní ìṣẹ́po jíjìn bí aṣọ tí wọ́n pa ní pílíìtì. Ìṣẹ́po yẹn ló ń jẹ́ kí pupa rẹ̀ dá ara rẹ̀ sí méjì, ibi kan á tàn, ibi kejì á ṣókùnkùn.

Àwọ̀ aró náà wà. Encephalartos horridus láti Eastern Cape ní South Africa ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, ewé rẹ̀ dà bí aṣọ aró tó ti gbó tí wọ́n sá sóòrùn, ẹ̀gún rẹ̀ sì mú gan-an. Cycas thouarsii láti Madagascar àti etíkun ìlà oòrùn Áfíríkà máa ń yọ ewé tó fẹ́ jọ aró, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń di ewé tútù.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn nínú oko kòkó rí ti mọ ohun tó fa àwọ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ewé tuntun kòkó máa ń pọ́n, ti máńgòrò náà máa ń pọ́n. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò tíì ní ohun tó ń sọ ewé di tútù tó bẹ́ẹ̀. Èròjà pupa tí wọ́n ń pè ní anthocyanin ló wà lára rẹ̀, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn nígbà tí awọ rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ewé bá ti ń le, tútù á máa bo pupa mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ẹ bá fẹ́ rà

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí igi náà yí ká. Ó gbọ́dọ̀ le bí iṣu tútù. Bí ibì kan bá rọ̀ tàbí tó ń rùn, ẹ fi sílẹ̀, àní bí wọ́n bá ní kí ẹ mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti gbé èyí tí inú rẹ̀ ti jẹrà wá sílé rí, ewé rẹ̀ tútù minimini lọ́jọ́ tí mo rà á. Ewé sáíkádì lè tútù fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ìdí rẹ̀ ti kú. Ẹ wá yí ewé rẹ̀ padà kí ẹ wo abẹ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀fun tí wọ́n wọ́n síbẹ̀, kòkòrò ni. Ẹ má gbé e dé ilé yín.

Ẹ béèrè ibi tó ti wá. Gbogbo sáíkádì ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES tó ń ṣọ́ títa ewéko àti ẹranko ṣíṣọ̀wọ́n láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àwọn Encephalartos àti Ceratozamia sì wà ní ipele tó le jù níbẹ̀. Ní South Africa, àwọn olè ti hú ọ̀pọ̀ Encephalartos nínú igbó débi pé àwọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá níbi tí wọ́n ti ń hù. Èyí tí wọ́n gbìn láti inú irúgbìn nínú ọgbà ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì bá Encephalartos barteri pàdé nínú ọ̀dàn, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilẹ̀ àti ìkòkò

Omi tó dúró ní ìdí sáíkádì ló ń pa á ju ọ̀dá lọ. Ní ilẹ̀ wa tí òjò ti ń rọ̀ bíi pé kò ní dá mọ́, ibi tó yẹ kí ẹ ti náwó nìyí.

Bí mo ṣe ń po ilẹ̀ tèmi: kóńgò méjì yanrìn odò tó gbó, kóńgò kan òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń da kọnkéré, kóńgò kan èèpo èkùrọ́, àti kóńgò méjì ilẹ̀dú. Bí ìgbẹ́ adìẹ bá wà, èyí tó ti jẹrà tó oṣù mẹ́fà, ẹkún ọwọ́ méjì ti tó. Ẹ má lo yanrìn etíkun, iyọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ pò ó, kí ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ bu omi sí i, kí ẹ wá fún un. Bó bá di mọ́ra bí àmàlà, kò dáa, ẹ fi yanrìn kún un. Ó yẹ kó tú ká bí gààrí tí omi kò tó.

Ìkòkò amọ̀ dára ju oníke lọ torí pé ara rẹ̀ ń mí, àmọ́ ike ọ̀dà tí wọ́n lu ihò bíi mẹ́jọ sí ní ìdí náà á ṣiṣẹ́. Ẹ má mú ìkòkò tó tóbi ju igi lọ. Ẹ fi ìka méjì àlàfo sílẹ̀ láàárín ìdí igi àti etí ìkòkò, ó tó.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbìn ín sí, ẹ kọ ebè bíi ti iṣu, kí ẹ gbìn ín sórí ebè náà. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, omi á ṣàn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ bo àárín orí rẹ̀ níbi tí ewé ti ń jáde.

Nígbà míì ẹ máa rí gbòǹgbò kan tó yọ sórí ilẹ̀, tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ẹ̀ka iyùn inú òkun. Àwọn kan rò pé àrùn ni, wọ́n a sì gé e dànù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan ló ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń gba nitrogen láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń fi bọ́ igi náà. Bí ẹ bá ya a wò lójú, ẹ máa rí òrùka tútù kan nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Bí ẹ̀wà ṣe ń ní kókó lára gbòǹgbò rẹ̀ tó ń ṣe ilẹ̀ lóore náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ẹ máa gbé e sí

Cycas revoluta, Zamia furfuracea àti àwọn Encephalartos aláwọ̀ aró fẹ́ràn oòrùn. Bí ẹ bá fi wọ́n sínú òjìji, ewé wọn á gùn ṣáláṣálá, á sì máa ṣubú, aró ara wọn á sì ṣá. Àwọn tí ewé tuntun wọn ń pọ́n, ìyẹn Ceratozamia àti Zamia ti inú igbó, ẹ fi wọ́n sábẹ́ igi tí oòrùn ń gba àárín ewé rẹ̀ kọjá. Abẹ́ máńgòrò dáa, bí ẹ bá ti gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò. Oòrùn àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ti ọ̀sán ni kí ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Chicago, inú ilé lẹ máa fi tiyín sí nígbà òtútù, lẹ́bàá fèrèsé tó mọ́lẹ̀ jù, kí ó má sún mọ́ ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Igi yìí gba inú ìkòkò. Ní Palm House ọgbà Kew ní London, Encephalartos altensteinii kan wà nínú ìkòkò tí Francis Masson gbé wá láti South Africa lọ́dún 1775, ó sì wà láàyè títí dòní. Ẹ lè wọ ọkọ̀ lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: omi àti ajílẹ̀

Ẹ ki ìka ìfábẹ̀là bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi fi máa jáde nísàlẹ̀. Bí ó bá tutù, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí kàlẹ́ńdà tó dára ju ìyẹn lọ. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn máa ń gbẹ ìkòkò kíákíá, ẹ lè máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà òjò, ẹ̀yin tí ìkòkò yín wà lábẹ́ ọ̀run lè má bu omi kankan fún un fún oṣù mẹ́ta.

Ajílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ní oṣù kẹta, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, mo máa ń wọ́n ṣíbí ìmùkọ kan NPK 15-15-15 yí etí ìkòkò ńlá ká, kì í kan ìdí igi. Mo tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ó tán. Bí ewé tuntun bá yọ tó ní àwọ̀ ìyeyè bí ewé tó kú, tó sì hunjọ bíi pé iná rà á, èròjà ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ manganese ló ṣaláìní. Ẹ wá manganese sulphate lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko. Ewé tó ti bàjẹ́ kò ní padà bọ̀ sípò, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ̀ ń tún ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn ewé àtijọ́ ìsàlẹ̀ ló ń di aláwọ̀ ìyeyè tí ti òkè ṣì tútù, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ magnesium ló ṣaláìní. Epsom salt tó wà ní ilé oògùn á tán ìyẹn, ṣíbí kékeré kan nínú omi lítà kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ewé ń bọ̀

Láàárín orí sáíkádì, àwọn ìpẹ́ gbígbẹ kan wà tó di mọ́ra. Bí ewé bá ti ń bọ̀, ibẹ̀ á wú díẹ̀, àwọn ìpẹ́ náà á sì máa ya ara wọn. Ẹ máa rí ohun tó dà bí òwú láàárín wọn. Lára Cycas revoluta, ẹ máa rí àwọn orí kéékèèké tó pọ̀, tí wọ́n ká kò, tí wọ́n to ara wọn yí po. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó le, tó yọ sókè bí ìṣù àgbàdo, ẹ má dúró de ewé, akọ igi ni, ṣóńṣó tirẹ̀ ló ń bọ̀.

Lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yìn òjò àkọ́rọ̀ ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Àwọn kan máa ń yọ ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àwọn kan á mú odidi ọdún kan jẹ láìyọ nǹkan kan, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ ẹlòmíì bọ́ sí tiyín. Ó ń fi gbòǹgbò múlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni. Ẹ ní sùúrù fún un.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti rí òwú yẹn, ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ ní ìdí rẹ̀ mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń bomi rin sáíkádì déédéé nìyí.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀sẹ̀ àwọ̀

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ rọ̀ bí ọ̀mùnú ewúro, bí ẹ bá fi ìka fà á wò, ibi tí ìka kàn á dúdú, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ewé náà á fi kú. Ewé kan lè wà lára igi fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ọgbẹ́ ìṣẹ́jú kan, ọdún mẹ́ta.

Ẹ má yí ìkòkò padà. Ewé ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yí i lónìí, á wọ́ sí apá kan, bí ẹ bá tún yí i lọ́la, á wọ́ sí apá kejì, nígbà tó bá le tán, á ti wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ibi tó bá wà lọ́jọ́ tí òwú yọ ni kó wà.

Èmi ṣe èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ceratozamia kan wà lábẹ́ òjìji, ewé mẹ́ta yọ lára rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ bàbà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àbúrò ìyá mi ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i bí wọ́n bá ti ń wọlé. Mo gbé ìkòkò náà lọ sójúde lágogo mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ní aago mẹ́ta, oòrùn ti sun ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí wọn ti funfun bíi bébà. Ewé yẹn ni mo ń wò fún ọdún méjì gbáko kí òmíràn tó yọ. Bí ẹ bá ní àlejò tó fẹ́ wò ó, ẹ mú àlejò lọ bá igi.

Ẹ ṣọ́ tata, ìgbín àti kòkòrò kéékèèké tó máa ń jẹ ewé, torí ewé tuntun nìkan ni wọ́n lè jẹ, èyí tó bá ti le kò ṣeé jẹ fún wọn. Mo máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó lálẹ́, mo sì ń fi ọwọ́ mú wọn. Ewúrẹ́ ẹlẹ́bàá náà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ má fín oògùn tó ní òróró nínú sára rẹ̀ lásìkò yìí, epo á jó o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó. Ẹ gbé àpótí lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jókòó sí òdìkejì ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú ewé wá bá yín. Ẹ ya fọ́tò kan lójoojúmọ́ láti ibì kan náà. Tí ẹ bá wo fọ́tò ogójì ọjọ́ náà tẹ̀ léra wọn, ẹ máa rí bí pupa ṣe ń fi ìdí ewé sílẹ̀ kó tó fi orí rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ojú kì í rí bó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọ̀ náà yàtọ̀ lẹ́yìn òjò, mo sì lọ wò ó dáadáa. Òótọ́ ni. Bí omi bá wà lára ewé, bàbà rẹ̀ á dúdú bí oyin ìgàn.

Lẹ́yìn tí ewé bá le

Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé tó sì ró ṣẹ́ṣẹ́, ó ti le. Ìgbà yìí lẹ lè yí ìkòkò tàbí pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má gé ewé tútù. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tún ọgbà ṣe máa ń fá king sago bí ẹni fárí, tí wọ́n á fi ewé mẹ́fà sílẹ̀ lókè kó lè dà bí ọ̀pẹ. Oúnjẹ tí igi fẹ́ fi yọ ewé tọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń gé dànù yẹn. Èyí tó bá gbẹ pátápátá nìkan ni kí ẹ gé.

Kòkòrò funfun tí mo mẹ́nu kàn níṣàájú, Aulacaspis yasumatsui lorúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Thailand ló ti jáde, wọ́n rí i ní Florida lọ́dún 1996, ó sì ti dé Ivory Coast. Cycas ló fẹ́ràn jù, ó lè pa igi ńlá láàárín ọdún kan. Ẹ gé ewé tó bò jù, kí ẹ sun ún. Ẹ po ṣíbí ìmùkọ méjì òróró dongoyárò àti ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi mọ́ omi lítà mẹ́rin, kí ẹ fín in sí abẹ́ ewé, ìdí igi àti orí ilẹ̀ nírọ̀lẹ́, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òkú kòkòrò kì í já bọ́ fúnra rẹ̀, torí náà ẹ fi èékánná ha díẹ̀ wò. Bí omi bá jáde, ó ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ májèlé

Gbogbo ara sáíkádì ló ní májèlé, kóró rẹ̀ ló le jù. Kóró náà máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn, ó fa ojú ọmọdé mọ́ra. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, kóró kan tàbí méjì sì lè pa ajá. Bí abo igi yín bá so, ẹ ká gbogbo kóró rẹ̀ kó tó já bọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ mú kóró kan dání fún dókítà. Nígbà kan rí ní Okinawa ní Japan, àwọn èèyàn máa ń rẹ ẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà bí a ṣe ń rẹ pákí, kí wọ́n tó jẹ ẹ́ nígbà ìyàn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kú. Ẹ má dán an wò.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀

Kóró gba sùúrù, ó sì gba akọ àti abo tó so lásìkò kan náà. Ọmọ ìdí rẹ̀ ló yá jù, bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ ṣe máa rí i tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ọ̀nà yìí nìkan ni Encephalartos woodii fi wà láyé dòní. Akọ igi kan ṣoṣo ni onímọ̀ nípa ewéko tó ń jẹ́ John Medley Wood rí nínú igbó Ngoye ní South Africa lọ́dún 1895, ẹnì kankan kò rí abo rẹ̀ títí di òní, gbogbo èyí tó wà nínú ọgbà káàkiri ayé sì jẹ́ ọmọ ìdí tí wọ́n yọ lára igi ọ̀hún.

Ẹ dúró kí ọmọ náà tóbi tó ọsàn. Ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti fi iná jó gé e níbi tó ti so mọ́ ìyá rẹ̀, kí ẹ gé gbogbo ewé ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi eérú pa ojú ọgbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi í síbi tí òjò kò ti ní pa á fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì títí ojú ọgbẹ́ á fi gbẹ. Ẹ wá gbìn ín sínú yanrìn ní ìdajì ara, kí ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì tún bu omi mìíràn fún un títí yanrìn fi máa gbẹ. Ó lè lo oṣù mẹ́fà, ó lè lo ọdún kan, kó má sí nǹkan kan lókè. Ẹ má hú u wò. Bí ẹ bá rọra mi í tí kò mì, gbòǹgbò ti wà nísàlẹ̀, kí ẹ lọ wá ibi tó máa dúró sí kí òwú tó yọ.